Ẹ̀gbọ́n mi tó lọ ní 1999: àkọsílẹ̀ bó ṣe padà dé Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀gbọ́n mi kúrò nílé ní oṣù Kẹsàn-án 1999. Ó padà wọ Ìjẹ̀bú-Òde ní òru mọ́jú Sátidé, ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà 2024, nígbà tó ku ọjọ́ kan péré ká pa ẹran Iléyá. Láàárín lílọ àti bíbọ̀ yẹn, bàbá wa kú, èmi gbéyàwó, mo bímọ mẹ́ta, ojú ọ̀tún ìyá wa fọ́. Kò sí ọ̀kan tó ṣojú rẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀.

Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nítorí pé ẹnu ti pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà nínú ẹbí. Àwọn kan ní ẹ̀wọ̀n ló lọ. Àwọn kan ní ìyàwó òyìnbó ló gba ọkàn rẹ̀. Èmi náà ti sọ tèmi rí, ó sì burú ju ti gbogbo wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé mò ń kọ ọ́. Ohun tó bẹ̀ mí kò ju pé kí n má dárúkọ òun, kí n má sì bu iyọ̀ sí i.

Bó ṣe há síbẹ̀

Físà ìbẹ̀wò oṣù mẹ́fà ló fi wọ London. Ó ní òun fẹ́ ṣiṣẹ́ díẹ̀, kí òun rówó padà wá ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ara mọ́tò. Oṣù mẹ́fà pé, owó ò pé, ló bá dúró. Ẹni tó bá ti dúró kọjá ọjọ́ físà ti wọ ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí síta nìkan: kò sí ẹni tó ní kó má jáde, wíwọlé padà ni kò ní sí.

Òfin kan wà níbẹ̀ nígbà náà pé ẹni tó bá ti gbé ìlú wọn fún ọdún 14 láìjáde, ì báà má níwèé, lè bẹ̀bẹ̀ fún ìwé ìgbélùú. Ọdún yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ń kà lórí ìka. Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje 2012, ìjọba wọn pa òfin náà rẹ́, wọ́n sọ ọdún 14 di 20. Ọdún kan àti oṣù méjì ló kù fún un lánàá. Ó di ọdún méje àti oṣù méjì lónìí. Ó ní lọ́jọ́ tí òun gbọ́, òun jókòó sí ibùdókọ̀ kan ní Peckham, bọ́ọ̀sì márùn-ún tó yẹ kí òun wọ̀ kọjá lójú òun, òun ò mọ ohun tí òun fẹ́ dìde lọ ṣe.

Àwa tá a wà nílé ò mọ ìkankan nínú èyí. Lẹ́tà là ń gbà, títí fóònù alágbèéká fi dé ní 2001, lẹ́yìn ìyẹn ohùn, àti owó lóṣooṣù. Ẹni tó bá béèrè ìgbà tó ń bọ̀, ìdáhùn kan náà ló ń gbọ́: "Ọdún tó ń bọ̀. Iṣẹ́ ni ò jẹ́." Odidi ọdún mẹ́wàá, iṣẹ́ ò jẹ́.

Bàbá wa kú ní 2009. Mùsùlùmí ni wá, ọjọ́ tó kú náà la sin ín sẹ́yìn ilé. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní ìdájí, ó ní, "Mo gbọ́," kò sì sọ nǹkan mìíràn. Ó fowó ránṣẹ́ fún fídáù ọjọ́ kẹjọ, owó tó jọjú. Òun ò wá. Ọjọ́ ogójì pé, kò wá. Mo wá pè é, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, owó yín kọ́ ló gbẹ́ sàréè, àwa la gbẹ́ ẹ." Mo pa fóònù. Ọdún mẹ́ta ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Owó ṣì ń wá sọ́dọ̀ ìyá wa, èmi ni mo sì ń bá a lọ gbà á ní báǹkì. Màá kùn títí kí n tó fọwọ́ síwèé, màá wá ju rìsíìtì sórí itan rẹ̀ bí ẹni ju ìdọ̀tí.

Agolo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì

Ní ìparí 2019, a ti ń kíra nígbà náà, ṣùgbọ́n kíkí ẹnu lásán ni. Ó pè mí ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn ọmọ kíláàsì mi ti lọ sílé. Ó ní, "Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ kan. Àwọn lẹ́tà tí mo kọ sí Ìyá láyé àtijọ́, ṣé wọ́n ṣì wà?"

Ọdún 20 rẹ̀ ti pé. Lọ́yà rẹ̀ sì ní kó mú ohun tí yóò fi hàn pé inú ìlú náà ló wà lọ́dọọdún, láti ọdún kìíní dé ogún: ìwé ilé ìwòsàn, ìwé báǹkì, ìwé owó ilé. Ẹ ro ó wò. Ẹni tí kò níwèé a máa gbé ayé rẹ̀ kí orúkọ rẹ̀ má bàa hàn lórí ohunkóhun. Inú yàrá ẹlòmíràn ló sùn, ọwọ́ sí ọwọ́ ló ń sanwó, ọwọ́ sí ọwọ́ ló ń gbowó. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá ní kó fi ara rẹ̀ hàn, kò rí ara rẹ̀ mú jáde. Ìpè yẹn tó wákàtí méjì. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Ìyá wa ní agolo bisikíìtì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ṣí i. Lẹ́tà 31 wà níbẹ̀, Ìyá kò ya àpò lẹ́tà ìkankan sọnù, orí ọbabìnrin àti òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ pẹ̀lú déètì wà lára wọn. Lábẹ́ wọn ni àwọn rìsíìtì tí mò ń jù sí i nítan wà. Ó ti fọwọ́ tẹ́ wọn, ó ká wọn ní méjì-méjì, ó fi rọ́bà dè wọ́n lọ́dọọdún. Ìyá tí kò mọ̀wé kà! Mo bi í bó ṣe mọ ọdún, ó ní òun kàn ń yí rọ́bà padà lẹ́yìn Iléyá kọ̀ọ̀kan ni.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ya àwòrán wọn ní kafé kan ní Fólágbadé. Lọ́yà to ohun tó wúlò nínú wọn mọ́ ìwé onísègùn àti ìwé ṣọ́ọ̀bù, ó fi dí ojú àwọn ọdún tó ṣófo. Kòrónà dé, gbogbo nǹkan dúró. Ní 2021 wọ́n fún un ní ìwé oṣù 30, èyí tí yóò máa tún gbà títí ọdún mẹ́wàá yóò fi pé, kó tó lè béèrè ìwé tí kò ní gbèdéke.

Ọjọ́ mẹ́jọ

Mo rò pé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló ń bọ̀. Mi ò mọ̀ pé pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà tó fi lọ ti di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Kó tó gba tuntun, ó gbọ́dọ̀ ní NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Ó lọ gbà á ní London, ìyẹn ò le. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi NIN wé pásípọ́ọ̀tù àtijọ́, kọ̀ǹpútà ní ẹni méjì ni. Ọ̀kan ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 ni wọ́n bí i, èkejì ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta.

Méjèèjì ló ní ìtàn. Ìyá wa kì í ka ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń kà. Sunday tí gbogbo mọ́tò Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n sọ ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ. Àwọn ará Èkó tó ń bọ̀ wá jẹ ìkómọ pẹ́ débi pé ìrẹsì tutù, nítorí àwọn dẹ́rẹ́bà ń rìn bí ìgbín. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 nìyẹn. Bí ènìyàn bá ka ọjọ́ mẹ́jọ padà sẹ́yìn, 26 oṣù Kẹta ni wọ́n bí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá wa lọ búra ọjọ́ orí fún un ní kóòtù, ọjọ́ ìkómọ ló kọ. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin náà ni Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Adétọ̀nà gba adé ní 1960, bàbá wa sì ní ọmọ òun kò lè rí ọjọ́ tó dáa ju ìyẹn lọ. Ìjẹ̀bú ni bàbá wa, kí lẹ fẹ́ ká ṣe? Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá ń gba NIN, ó ní ìwé tí kò rí bó ṣe yẹ ti sú òun, ló bá sọ òótọ́.

Òótọ́ yẹn gbà wá ní oṣù márùn-ún. Gbogbo ìwé rẹ̀ lọ́hùn-ún, 2 oṣù Kẹrin ló wà níbẹ̀, NIN ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé wọn. Èmi ni mò ń sáré kiri nílé, láti kóòtù dé ọ́fíìsì àwọn tó ń ka ènìyàn, ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí i ń lọ ìpàdé. Ọjọ́ tí àtúnṣe náà jáde, mo sọ fún ìyá wa pé ìjọba ti gbà pé ọjọ́ ìkómọ ni wọ́n bí i. Ó ronú sí i. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́jọ tí mo fi gbé e lọ́wọ́ kó tó lórúkọ ńkọ́? Ta ni mo wá gbé?"

Pásípọ́ọ̀tù dé ní 2023, oṣù 30 àkọ́kọ́ sì ti fẹ́ pé. Ó kọ̀wé fún òmíràn. Òfin wọn sì ni pé bí ènìyàn bá jáde nílùú nígbà tí ìwé rẹ̀ wà lórí tábìlì wọn, ìwé náà kú síbẹ̀. A tún dúró. Ìyá wa ní, "Ṣé ìwé yìí ń bímọ ni?" Oṣù Kìíní 2024 ni káàdì tuntun tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ọ̀nà

Iléyá ló fi ọjọ́ sí. Àwọn àgbà ní orúkọ ọdún náà fúnra rẹ̀ ń sọ pé ilé ti yá.

Ó kúrò ní London ní alẹ́ Wednesday, ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà. Ọkọ̀ òfuurufú tó ń bọ̀ tààrà kì í ju wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú ló rà, èyí tí wọ́n máa pààrọ̀ ọkọ̀ lọ́nà. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ pẹ́ kó tó gbéra, èkejì ò sì dúró dè é. Orí àga pápákọ̀ òfuurufú ìlú onílùú ló sùn. Èmi ti wà ní Ìkẹjà láti ọ̀sán Thursday, inú mọ́tò mi lèmi náà sùn. Alẹ́ Friday ló tó balẹ̀, àpò rẹ̀ méjèèjì, kílò 23 ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì bá a dé.

Èmi ń wá ọmọkùnrin ọdún 27 tó wà nínú fọ́tò. Ẹni tó jáde ni bàbá wa. Ìrìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, ẹsẹ̀ òsì tó máa ń tì síta díẹ̀, kí n tó wo ojú. Mo dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, àwọn awakọ̀ ń fò mí kọjá. Ó ní, "Dìde, dìde, aṣọ rẹ."

Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́nà. Nígbà tá a dé ẹ̀yìn Berger, ó ní ibi tí wọ́n ti ń gba owó ọ̀nà dà. Mo ní wọ́n ti wó o láyé Ọbásanjọ́. Ní Mowe, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ dá wa dúró, ọmọkùnrin kan gbé píọ̀ wọ́tà wá síbi fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n mi yọ owó nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì, ó ká a jáde jẹ́jẹ́: wàsóbíà, náírà 50 oníwèé. Ìgbà tó ń lọ ní 1999, kò sí owó tó tóbi jù ú lọ. Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ tọ́jú rẹ̀ ni, òun á fi ra nǹkan lọ́jọ́ tí òun bá délé. Píọ̀ wọ́tà kan, náírà 50, ó ṣe rẹ́gí. Ọmọ náà tan iná fóònù sí owó náà, ó yí i sẹ́yìn, ó yí i síwájú. Owó ọ̀rá ló mọ̀, kò rí oníwèé rí. Ó ní, "Bàbá, kí lèyí?" ó sì dá a padà. Èmi ni mo sanwó omi.

Ibi tá a ti yà ní Ṣàgámù bọ́ sí ọ̀nà Bìní ló ti wá la ẹnu. Ó ní, "Ṣé kò ní dáa ká wá òtẹ́ẹ̀lì kan sùn? Kí n dúró títí àpò yóò fi dé." Mo rò pé ó ń ṣeré. Kò ṣeré. Ó ní ọdún 25, òun á wọlé pẹ̀lú báàgì àkọ́yìn kan tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ju ṣẹ́ẹ̀tì méjì àti pátá? Ìyá òun á sọ kí ni fún àwọn ará ilé? Mi ò dá a lóhùn. Mo kọjá Ìlíṣàn, mo kọjá Odogbolu, mi ò tẹ búrèkì àfi níbi kòtò.

Ìyá wa kò tíì sùn. Ó jókòó sórí ẹní, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, fóònù kékeré rẹ̀ níwájú rẹ̀. Iná ò sí, àtùpà sólà kan ló ń tàn bàìbàì, ojú rẹ̀ kan tó kù kò sì ríran lálẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá mi, èmi Àjàní nìyí o."

Ìyá wa nawọ́, ó gbé fóònù, ó fi sí etí. "Àjàní! Ibo lo dé báyìí? Ohùn ẹ mọ́ lónìí o, àfi bí ẹni pé o wà nínú ilé."

Kò sí ẹni tó lè fọhùn nínú wa.

"Àjàní? Àbí ó ti já?" Ó gbé fóònù kúrò létí, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún gbé e padà.

Ọmọ mi kékeré tó yẹ kó ti sùn ló sọ ọ́: "Màmá àgbà, wọ́n wà nílẹ̀ níbí."

Ó dojú fóònù délẹ̀ lórí ẹní, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ gbọ́. Ó fi orúnkún rìn wá, ọwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan nínú afẹ́fẹ́ títí ó fi bà á lórí. Ó fọwọ́ pa á yíká. Ó ní, "Ta ló fá orí ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó fá a, Ìyá. Ó pá ni."

Ìgbà yẹn ni ẹkún sọ.

Ẹ̀yìn ilé

Ọjọ́ Árífà ni ilẹ̀ mọ́ bá wa. Ìyá wa ń gbààwẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní òun náà á gbà á, síbẹ̀ láti àárọ̀ ni Ìyá ti ń rin ewùrà. Ìkòkórẹ́ hó títí dọ̀sán nínú ilé tí kò sẹ́ni tó lè tọ́ ọ wò. Ó fi ẹja gbígbẹ àti edé sí i, ó bu epo lé e, ó ní kí n gbóòórùn rẹ̀ bóyá iyọ̀ tó. Alẹ́ la jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀bà tútù. Ní gbogbo ọ̀sán yẹn, àwọn ará ilé ń wọlé wá kí i, ojú wọn ń rìn káàkiri pálọ̀ bóyá wọ́n á rí àpò. Ìyá wa kò jẹ́ kí wọ́n béèrè tán: "Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ẹrù ẹ̀ bọ̀. Ó ti pọ̀ jù fún ọkọ̀ òfuurufú." Irọ́ ńlá, pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu.

Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n mú òun lọ síbi tí bàbá wa wà. Táìsì funfun ni mo fi bo sàréè náà, owó fídáù rẹ̀ ni mo fi rà á, mi ò sọ fún un rí. Ó ṣe àdúà. Lẹ́yìn rẹ̀ ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, ó fì sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó ní, "Lọ́jọ́ tí o pè mí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ́fíìsì kan ni mò ń fọ̀. Mo gbé fóònù sápò, mo fọ̀ ọ́ tán. Mi ò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe."

Mo tọrọ àforíjì. Mo ní ká ní ó sọ fún wa ni, mi ò ní sọ ohun tí mo sọ.

Ó ní, "Bàbá mọ̀."

Láti 2001 ni bàbá wa ti mọ̀. Òun ló ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni: Ìyá kò ní sùn mọ́, èmi ọmọdé á lọ sọ ọ́ níta. Ọmọ ọdún 24 ni mí nígbà náà! Ọdún mẹ́jọ ló fi jókòó tì wá, tí àwọn ènìyàn ń bú ọmọ rẹ̀ níwájú rẹ̀, tó ń mi orí bí ẹni tó gbà pẹ̀lú wọn. Lára gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, èyí ni mi ò tíì lè gbé mì. Mo bínú sí ẹni tí kò jẹ̀bi fún ọdún mẹ́ta, ẹni tó yẹ kí n bi léèrè sì wà lábẹ́ táìsì tí mo fọwọ́ ara mi tò.

Ojúde Ọba bọ́ sí Tuesday, ọjọ́ 18. Aṣọ tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀ mú wà nínú àpò tí kò dé, nítorí náà agbádá mi ló wọ̀, ó kúrú fún un. Kò bá wọn jó. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń wo ẹṣin àwọn ilé Balógun, ó ya fídíò títí bátìrì fóònù rẹ̀ fi kú. Ọjọ́ kejì ni àpò dé. Wọ́n ti ṣí ọ̀kan, lọ́fínńdà ò sí nínú rẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ tí Ìyá á fi máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀.

Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kò lè lò ju ìyẹn lọ, iṣẹ́ ń pè é. Gàrí tí Ìyá dì fún un ju kílò 23 lọ, a bù ú kúrò, ó bù ú padà nígbà tá a yíjú.

Ó ń pè ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Sunday tó kọjá, mo wà níbẹ̀. Wọ́n kíra, ó bi í nípa ojú rẹ̀, Ìyá ń hẹn-hẹn, ó tẹ́tí bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan mìíràn lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Àfi lójijì ló ní, "Àjàní, jókòó dáadáa. O ti tún fì sápá òsì."

Fóònù dákẹ́ díẹ̀. A gbọ́ tí àga ké.

"Mo ti jókòó dáadáa, Ìyá."